Ẹ̀rọ tí Kì í Dún ní Dagenham

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, n kò wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi kà. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé ẹ̀rọ mi, tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Kí ni Bàbá Wálé fẹ́ rí sọ tó bá dé? Ṣebí kò mọ̀wé," ẹ súnmọ́ ìhín. Òótọ́ ni, ìwé kẹta ni mo kà dé. Ṣùgbọ́n ojú kì í lọ sílé-ìwé kó tó ríran. Gbágùúdá tí gbogbo àdúgbò Àtìkòrí fi ń yan gàrí, ẹnu ẹ̀rọ mi ló ń gbà kọjá. Bí ẹ̀rọ ìlọ-gbágùúdá kan bá ń ṣòjòjò ní ìpẹ̀kun àdúgbò, etí mi á ti gbọ́ kí ẹni tó ni ín tó gbọ́. Irú ọkùnrin yẹn ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò fà mí lọ́wọ́, wọn ò tì mí lẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi

Títí, ìyàwó Wálé ọmọ mi, ló fẹ́ bímọ. Ìyá Wálé, aya mi, ti ṣáájú mi lọ láti tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ì bá jókòó sílé kí n máa gbọ́ ìròyìn, bí kò bá ṣe ti ìyá mi.

Ẹ mọ àṣà agboolé wa. Orúkọ mẹ́ta ni àgbà ilé ń fún ọmọ tuntun. Á pe èkínní síta, gbogbo ayé á gbọ́. Á sọ èkejì jẹ́jẹ́ sí etí ọmọ, bàbá ọmọ á tẹ orí sílẹ̀ bá a gbọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń gbọ́ ọ. Á wá pe ẹ̀kẹta, oríkì ọmọ, síta. Èkejì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń sọ ọ́. Èmi ní tèmi. Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ìyá mi ni àgbà ilé báyìí, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá ti ẹni tó ń wọ bàlúù. Ó pè mí sí yàrá, ó ní, "Dípọ̀, ọmọ Wálé kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé yìí tí kò ní orúkọ inú etí. Èmi ni màá sọ ọ́, ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́. Lọ wá bó ṣe máa ṣe é ṣe."

Mo ní, "Ìyá mi, ó ti ṣe é ṣe." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dáhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń wá ọ̀nà.

Bí Barking ṣe gbà mí

Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bàlúù dà yín láàmú. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ti mọ̀, ẹni tí kò tíì wọ̀ ọ́ kò ní pẹ́ wọ̀ ọ́, lágbára Ọlọ́run. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí mo dé Barking, ìhà ibi tí Wálé ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ti jáde wá pàdé mi kí àwọn ará ilé tó jáde. Ó wọ inú agbádá mi, ó yí ibẹ̀ po bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù. Ìyá Wálé yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó rí i tí eyín mi ń lu ara wọn.

"Alágbára Àtìkòrí, ẹ káàbọ̀ o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní wọ súẹ́tà?"

Mo ní, "Ta ló ní òtútù ni? Ayọ̀ ló ń gbọ̀n mí."

Ẹ̀gbẹ́ Eastbury ni Wálé ń gbé. Ilé àtijọ́ ńlá kan wà níbẹ̀, bíríkì pupa látòkè délẹ̀, ọgbà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo bèèrè ìdílé tó ni ín. Wálé ní kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, àwọn èèyàn kàn ń wá wò ó ni. Mo tún bèèrè, torí mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa. Odindi ilé! Kí wọ́n máa wò ó! Nílùú wa, àwọn ọmọ bàbá onílé ì bá ti bára wọn dé kóòtù lórí rẹ̀.

Ìwà àwọn èèyàn ibẹ̀ náà yà mí lẹ́nu. Mo tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀ ní Vicarage Field, ilé-ìtajà ńlá tó wà láàárín ìgboro, ẹ sì mọ bí bàtà mi ṣe wúwo tó. Obìnrin yìí ló yíjú padà tó ń bẹ̀ mí! Mo dúró kí n lè ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi, ó ti lọ. Wọ́n á tún bi yín pé ṣé dáadáa lẹ wà, wọn kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Ẹ ò tíì la ẹnu, ẹ̀yìn wọn lẹ máa rí.

Àfi Ron. Ron ni òyìnbó arúgbó tó ń gbé nílé kejì sí ti Wálé. Ó yọjú láti orí ọgbà, ó bi mí pé ṣé dáadáa ni mo wà. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn bó ṣe yẹ: orúnkún mi, àwọn ará ilé, ẹ́ńjìnnì mi kejì tó ń jẹ epo jù, òjò tí kò tètè rọ̀. Wálé ń túmọ̀, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n Ron fi ohun tó fi ń gé òdòdó sílẹ̀, ó gbọ́ mi dé òpin, ó tún bèèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì náà. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé èèyàn ni.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tó wà ní Dagenham, ìtòsí ibẹ̀, nígbà kan ló ti lo ayé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń tò. Bí Wálé ṣe sọ èyí fún mi, mo mọ̀ pé ìbátan ni wá. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ ju "yẹ́ẹ̀sì" àti "tánkì-yù" lọ, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ara rẹ̀ kò dá bá kọjá níwájú ilé, àwa méjèèjì á jọ yíjú, a ó jọ mi orí bí dókítà. Ẹ̀rọ kò ní èdè méjì.

Ó gbé oúnjẹ kan wá fún mi. Ẹja gbọọrọ bí ejò ni, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú omi dídì kan tó ń gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́!

Ìyá Wálé ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀nà ọ̀fun ṣe akọni. N kò fẹ́ di opó ní Barking."

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá àwo rẹ̀. Kò burú, ata ni kò sí níbẹ̀. Èmi náà ní kí wọ́n ra ewùrà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Heathway, Ìyá Wálé fi se ìkọ́kọrẹ́, a bu fún Ron. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó fi aṣọ nu orí, ó sì na àwo rẹ̀ padà pé ká bu sí i. Ọkùnrin!

Èkùrọ́ inú kọ̀ǹpútà

Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí irú iṣẹ́ tí Wálé ń ṣe, mo sì máa ń ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ìdáhùn ẹni tí kò mọ̀ nìyẹn. Nísinsìnyí, mo ti mọ̀.

Mo jókòó tì í nídìí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ṣàlàyé fún mi bí o ṣe máa ṣàlàyé fún ẹni tó ní ọpọlọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Daddy, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń ronú. Ó lè sáré, ó lè rọra. Tó bá ń sáré, ó ń jẹ iná, ó ń gbóná. Tó bá ń rọra, ara ẹ̀ á tutù, àmọ́ iṣẹ́ ò ní yá. Ohun tó ń yí eré yẹn sókè sódò ni mò ń kọ."

"Níbo lo ń kọ ọ́ sí?"

"Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, ara eyìn lásán ni. Ohun tó ń darí gbogbo ẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, bí èkùrọ́ ṣe wà nínú eyìn. Inú èkùrọ́ yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló wá ń sọ fún un pé ó tó àkókò láti sáré?"

"Gọ́fánà là ń pè é."

Mo fò dìde. Àga ṣubú. Gọ́fánà! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé gbágùúdá wá sọ́dọ̀ mi, ẹ mọ irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì mi, tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án àfi èmi. Bí gbágùúdá bá kún ẹnu ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ fẹ́ rẹ̀, gọ́fánà á fún un lépo, á tún ké sókè. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣófo, gọ́fánà á fa epo sẹ́yìn kó má baà fi eré asán pa ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé iṣẹ́ yìí ni mo ti ń bá gọ́fánà gbé. Ọmọ mi rìn dé Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìdí gọ́fánà ló tún padà sí!

Ó ní, "Gọ́fánà ló ń wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, tó ń pinnu. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò rí bákan náà, bí wọ́n ṣe ń yí eré ti eléyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń yí ti tọ̀hún. Èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí ti kọ̀ǹpútà kan pàtó, dírẹ́bà là ń pè é. Òun gan-an ni mò ń kọ."

"Gọ́fánà ni ojú, dírẹ́bà ni ọwọ́."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, Daddy!"

"Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ẹ. Ìwọ ṣáà jẹ́ kí tìẹ máa sáré ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ló ṣe é."

"Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yín máa ké nígbà tí kò sí gbágùúdá lẹ́nu ẹ̀ ni?"

Mo gbé àga dìde, mo jókòó. Ọmọ tí mo bí ló fi ẹ̀rọ mi dá mi lóhùn. Bí àbùkù bá wà nínú irú ìyẹn, kí Ọlọ́run máa fi kún un.

Ó wá fún kọ̀ǹpútà náà níṣẹ́ kí n lè fojú rí i. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, fùùù, ó ń ròkè. Ó gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rọlẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Mo di ojú mi, mo ń pè é fún un: "Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti sinmi. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀." N kò ṣì í rárá. Mo wá dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí ohun tó kù nínú kọ̀ǹpútà tí mi ò mọ̀.

Ohun tó wà níhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ

Títí bí obìnrin. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí Ron fi sáré yọjú lórí ọgbà; ó rò pé ilé ń jó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà kígbe.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyá mi. Wálé ní, "Daddy, fóònù lásán tó. A ó pè wọ́n, wọ́n á sọ̀rọ̀, ó parí."

"Fóònù? Kí ìyá mi fi ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú wo ọmọ nínú nǹkan tó tó àtẹ́lẹwọ́? Mo ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún un. Àbúrò mi, Ìyá Ṣadé, á bá a so ó pọ̀. Níhìn-ín náà, mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ rí ìyá mi, kí wọ́n mọ ilé tí a ti ń jáde wá."

Wálé ronú díẹ̀. Ó ní tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun sì ti fún ìjọ ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ gbé e bọ̀. Dírẹ́bà tí òun fọwọ́ ara òun kọ ló wà nínú rẹ̀, tuntun. Ní ti orúkọ inú etí, ìyá mi á sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sínú fóònù Ìyá Ṣadé, ohùn yẹn kò ní gba ara ògiri, òun á gbé agbọ́hùn kékeré kan tó ń gbà á sí etí ọmọ, òun á tẹ orí sílẹ̀ bá a gbọ́, kò sí ẹlòmíràn tó máa gbọ́. Mo ní ó tán. Ohun tí ọmọ mi fọwọ́ ṣe ni ìyá mi máa fi bá ọmọ-ọmọ mi sọ̀rọ̀. Kí ló tún kù láyé?

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dagenham ni ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn wà, àwọn tó ń tún táyà ṣe ló wà nísàlẹ̀. Bí ìjọ bá ń kọrin lókè, àwọn onítáyà á máa lu irin nísàlẹ̀, ó sì ń bára mu. Bàtà kò wọlé. Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń tajà, gbogbo wọn á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á gbé sùtánà funfun wọ̀ lé aṣọ iṣẹ́ lórí, o ò ní mọ ẹni tó ń gba owó ju ẹnì kejì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo tètè dé. Mo rí àpótí irin dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, kò ju páálí ṣúgà lọ, wáyà rọ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Aládùúrà mọ̀ pé kò sí ohun tó ń wà níhòòhò nítòsí pẹpẹ. Àga, tábìlì, ibi tí àbẹ́là ń dúró sí, aṣọ funfun ló ń bo gbogbo rẹ̀. Ìyá Ìjọ, obìnrin àgbà tó ń tọ́jú pẹpẹ, wà níbẹ̀ tó ń to òdòdó.

Mo ní, "Ìyá wa, ṣé báyìí ni kiní yìí ṣe máa jókòó níwájú Olúwa?"

Ó ní, "Ó ti ń dun èmi náà, Bàbá Wálé. Ọmọ yín ló gbé e síbẹ̀, mi ò fẹ́ bá a wí ni."

Mo tẹ̀, mo gbé etí lé e. Kò dún. Kò sí fùùù, kò sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé wọn ò tíì tan án, ó ń sinmi. Mo ní kó bá mi wá aṣọ. Ó mú aṣọ pẹpẹ funfun kan jáde, tuntun, ó nípọn dáadáa. Mo ṣẹ́ ẹ po títí ó fi di ìpele mẹ́rin, mo dì í yí àpótí náà ká, mo sì so ó nídìí bí a ṣe ń so àpò gbágùúdá tí a fẹ́ fún omi rẹ̀. Ó dára! Ìyá Ìjọ gbé ìkòkò òdòdó kan lé e lórí. Ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a.

Ìyá mi lára ògiri

Ìjọ pé. Ron náà dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ihò wà lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kò sì bìkítà. Wálé fọwọ́ kan fóònù rẹ̀, ògiri mọ́lẹ̀, ìyá mi sì jókòó síbẹ̀ gbàgede, ó tóbi ju bó ṣe rí nílé lọ.

Ó wò wá títí. Ó ní, "Ta nìyẹn tó funfun bíi lékeléke? Ṣé Dípọ̀ nìyẹn? O ti rù! Ìyàwó rẹ ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

Ìyá Wálé ní, "Ẹja òyìnbó ló ń jẹ o, Mà! Ó ní tiwa ò wu òun mọ́!"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àlùfáà, olórí ìjọ, gbàdúrà, ó fi omi, iyọ̀ àti oyin kan ọmọ lẹ́nu. Wọ́n gbé ọmọ súnmọ́ kámẹ́rà. Ìyá mi na ọrùn, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ó kì í délé bàbá mi, ó kì í dé oko, ó sọkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún kì í. Títí náà ń sọkún. Èmi ń wo àwọn èèyàn láti mọ̀ bóyá wọ́n ń wo ìyá mi. Wọ́n ń wò ó.

Ó wá pè é síta: "Morẹ́nikẹ́! Mo rí ẹni tí màá kẹ́ kí n tó lọ."

Ìjọ hó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Wálé kúnlẹ̀, ó gbé agbọ́hùn kékeré náà sí etí ọmọ, ó tẹ orí tirẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwọn onítáyà pàápàá dákẹ́ nísàlẹ̀. Ìyá mi gbé fóònù Ìyá Ṣadé sún mọ́ ẹnu, ó la ẹnu.

Ẹnu náà kò padé mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ojú rẹ̀ di ìgúnmẹ́rin-ìgúnmẹ́rin bí ẹní híhun. Ohùn tó ń jáde lára ògiri ń ṣe kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì tí omi wọ epo rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ìyá Ìjọ ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ o!"

Ẹlòmíràn ní, "Ìgbà wo ni kì í bẹ̀rẹ̀?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ má fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ẹ ń bá wí yẹn, kì í ṣe abúlé ẹnikẹ́ni." Mo dúró gbọin-gbọin, mo gbèjà ìlú wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Wálé kò dá sí i. Kò gbé orí kúrò létí ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kan ló fi ń tẹ fóònù. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó ní, "Kì í ṣe Nàìjíríà. Tiwa níbí ni. Gọ́fánà ní kó sáré, àmọ́ ooru ẹ̀ ti ga jù, ooru ò jẹ́ kí dírẹ́bà gbé e sókè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n há a mọ́ kó má baà jóná. Kí ló lè mú un gbóná tó báyìí?" Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ó tún wò ó. "Ta ló di kọ̀ǹpútà yìí bí ọ̀lẹ̀lẹ̀?"

Ìyá Wálé fi ẹnu júwe mi.

Mo ní, "Kò dún! Mo gbé etí lé e, kò dún! Ẹ̀rọ tí kò bá dún ti sinmi."

"Daddy, eléyìí ò ní fáànù. Kì í dún láéláé. Irin ara ẹ̀ ló fi ń mí."

Mo ti dé ibẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Mo gbé òdòdó kúrò, mo dojú kọ kókó tí mo so. Ẹ sì mọ kókó tí mo bá so: ó dúró de ẹni tó so ó, òun náà á sì làágùn. Ìyá Ìjọ mú àlùmọ́gàjí wá, ó gé aṣọ náà yàà. Ron na ọwọ́ kan àpótí, ó yọ ọ́ kíá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. Ó wá fi fìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá Wálé fa abẹ̀bẹ̀ yọ. Nǹkan ṣe! Gbogbo ìyá ìjọ dìde pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, Bàbá Àlùfáà náà ń fi etí sùtánà rẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹnì kan gbé orin, a yí àpótí irin kékeré náà ká, à ń fẹ́ ẹ, à ń jó, bí ẹni ń fẹ́ ọba. Èmi ni mo fẹ́ ẹ jù.

Wálé ń ké sí wa látibi tó kúnlẹ̀ sí: "Ó ń tutù! Ẹ má dúró! Dírẹ́bà ti ń gbé e sókè! Ó ń lọ, ó ń lọ!"

Ẹnu ìyá mi padé lára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ dé, ó mọ́ gara: "...Àbẹ̀kẹ́. Ó parí. Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa. Ẹ ṣe àmín."

A ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Wálé kò dìde. Ó ní, "Ìyá àgbà, mi ò gbọ́ èkejì."

"O ò gbọ́ báwo?"

"Àwòrán dúró, Mà. Ohùn náà ò dé."

Ìyá mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mo rí i tí gbogbo yín dúró láìmira. Bàbá Àlùfáà ò tilẹ̀ sẹ́jú. Mo ní, ah, wọ́n kọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù yìí dáadáa, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún orúkọ ọmọ mi. Mo sì sọ ọ́."

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Dípọ̀, orúkọ inú etí kì í ṣe ẹ̀bà tí wọ́n ń bù lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run gbọ́. Ọmọ ni mo ń pè, ọmọ gbọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́."

Títí ní òun rí i tí ọmọ yí orí lẹ́yìn tí ògiri ti dákẹ́. Èmi ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn, n kò lè jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ

Kí ẹ má rò pé ọjọ́ náà bàjẹ́. A jẹ, a jó, ìyá mi jókòó lára ògiri ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń bá ìjọ sọ̀rọ̀, ó bu àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó bi Ron bóyá ó ti níyàwó. Àpótí kékeré náà wà níhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, kò tún dúró rárá. Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ lé ọmọdé kan tó fẹ́ gbé aṣọ lé e. Ìyá Wálé ní ohun tí òun rí ni pé wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kí n fi lọ nǹkan, mo sì sè é. Mo ní kó má gbàgbé pé bí dírẹ́bà ọmọ mi kò bá gbọ́n tó láti rọra nínú ooru yẹn, ẹ̀rọ náà ì bá ti jóná pátápátá. Ta ló sì bí ẹni tó gbọ́n bẹ́ẹ̀? Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Wálé nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó máa ń gbé ọmọ sáyà, á gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà lè sọ ọ́ fún un. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Èmi tí mo máa ń rí nǹkan sọ! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn tó ń pe ọmọ. Ó ní, "Morẹ́nikẹ́." Ó dúró. Ó dúró tó àkókò tí èèyàn fi ń pe orúkọ kan, kò sọ nǹkan kan, ọmọ ń wò ó. Ó wá ní, "Àbẹ̀kẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe ń pè é báyìí. Títí ń pè é bẹ́ẹ̀. Ron pàápàá, tí kò lè pe èkínní tàbí ẹ̀kẹta dáadáa, ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí.

Mo ti dé báyìí, ẹ wá kí mi. Ara mi le, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́, ìyá mi ń bẹ. Ohun tó sọ nù kò pọ̀. Fìlà kan, tí atẹ́gùn gbé lórí mi ní Heathway. Aṣọ pẹpẹ kan. Orúkọ kan.